Ogún Olùkírun Tí O Ní Kí N Kó Wá fún Sinimá

Adjamé, Abidjan.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Ṣàábánù.

Lásíìsì Àjàní, ọmọ mi,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Paris níbẹ̀, kí òtútù ibẹ̀ má rí ọ gbé ṣe. Ìyá rẹ kí ọ. Àbúrò rẹ Sikirátù kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé ìwé atúmọ̀ èdè tí o ṣèlérí fún òun. Inú gbogbo wa dùn pé o ríṣẹ́. Nígbà tí ìròyìn dé pé iléeṣẹ́ sinimá ti gbà ọ́ ṣe igbákejì ẹni tó ń darí fíìmù, ìyá rẹ fi àkàrà ṣe sàráà fún gbogbo agboolé, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé sì wá kí mi kú oríire ní ìsọ̀ abọ́ mi. Ó dáa, mo ti kí ọ tán.

Wàyí o, ká wá sórí ọ̀rọ̀ tí o tì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ bí ẹni ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ẹ̀bà. O ní ẹ̀ ń bọ̀ wá ya fíìmù náà ní Abidjan lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. O ní ẹ fẹ́ ogún ọkùnrin tó mọ ìrun kí dáadáa, àgbàlagbà onírùngbọ̀n ni ẹ fẹ́ jù, kí wọ́n gbé agbádá àti láwàní ara wọn dání. O ní kí n bá ọ kó wọn jọ láti mọ́ṣáláṣí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. O wá fi ewé ìwé méje sínú àpòòwé, Faransé ni gbogbo rẹ̀, o ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú láti kà á.

Mo kà á. Ojú mi kò tó ti àtijọ́ mọ́, nítorí náà Sikirátù ló ń kà á sókè, èmi ń gbọ́. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹrin, ó dákẹ́. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ á fo page yìí, s'il vous plaît."

Mo ní kò gbọdọ̀ fò ó.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, kí o má baà sọ pé n kò lóye rẹ̀. Ọmọbìnrin kan sá kúrò nílé arúgbó Mùsùlùmí kan tí wọ́n fi ipá fi í fún. Àwọn tí ọkọ rán ń lé e bọ̀. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń ké pé kí wọ́n gba òun. Nínú mọ́ṣáláṣí, ogún ọkùnrin wà lórí ìrun. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbórí sókè. Wọ́n tẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n forí kanlẹ̀, àwọn tó ń lé ọmọ náà sì wọ́ ọ lọ lẹ́yìn wọn níbẹ̀. Ogún ọkùnrin yẹn ni o ní kí n kó wá.

Inú ń bí mi, Lásíìsì. Ó di ọjọ́ mẹ́fà tí mo ti gbọ́ ìwé náà, ńṣe ni inú ń bí mi sí i. Mo bínú sí ẹni tó kọ ọ́, mo bínú sí ọ, mo sì bínú sí ara mi ju ẹ̀yin méjèèjì lọ, ìdí rẹ̀ ni n ó sọ fún ọ. Wá ibi jókòó sí kà á. N kì í ṣe ẹni tó ń kọ lẹ́tà gígùn, n kò sì rò pé n ó tún kọ irú èyí mọ́ láyé mi.

Èkíní. O kọ ọ́ pé, "Bàbá, fíìmù lásán ni." Má ṣe sọ gbólóhùn yẹn fún mi mọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, tí àwa mẹ́fà ń gbé yàrá kan ní Treichville, kò sí ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan tí a kì í lọ sí sinimá. Fíìmù aṣálẹ̀ ni a fẹ́ràn jù. Àwọn oníláwàní á gun ràkúnmí wá láti ẹ̀yìn òkè, wọ́n á ti yọ idà, wọ́n á jí ọmọbìnrin òyìnbó kan gbé, nígbà tó bá yá àwọn ṣọ́jà á dé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò ìbọn. Gbọ̀ngàn á gba ìhó. Àwa Yorùbá, àwọn Jùlá, àwọn ará Mọ́sí, ọmọ Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa, gbogbo wa là ń pàtẹ́wọ́ fún ṣọ́jà. Bí oníláwàní kan bá ṣubú lórí ràkúnmí, a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Tí fíìmù bá parí, a ó sáré lọ síbi omi kí Màgàríbà má baà bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ tí mo fi pàtẹ́wọ́ fún ìbọn náà ni mo fi ń ṣe àlùwàlá.

Ọdún mẹ́rin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó rí i pé bí bàbá mi ṣe ń wé láwàní ni àwọn tí wọ́n ń pa wọ̀nyẹn ṣe ń wé e. Kò sí ẹni tó fipá mú wa. Àwa la fẹsẹ̀ ara wa rìn lọ síbẹ̀, tí a kọ́ bí a ṣe ń fi ara wa ṣẹ̀sín. Títí di òní, n kò tíì rí fíìmù kan tí Mùsùlùmí ti ń ná ọjà, tó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, tí eyín ń dùn ún, tó padà sílé tó jẹun tó sùn. Bí kò bá yọ idà, á ti tẹ̀sùbáà bọ ọwọ́ kó fi lu obìnrin ní jìbìtì. Nítorí náà, nínú iṣẹ́ tuntun yìí, ohun tí o ní láti kọ́kọ́ máa bi ara rẹ ni pé, ibo ni kámẹ́rà dúró sí? Ṣé ẹ̀yìn ìbọn ni, àbí iwájú rẹ̀?

Ìkejì. Èyí ni ó le fún mi láti kọ, nítorí náà mo ti mu omi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

O kò lè rántí Alùfáà Yésúfù dáadáa, ọmọdé ni ọ́. Òun ló kọ́ mi ní kéwú ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló kọ́ mi láti pe Bísímílà. Nígbà tí ọ̀nà là, ó tọ òwò obì wá sí Anyama, ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn olóko, ó ń fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ń kó o lọ sókè. Àwọn Jùlá tó ń bá a dòwò pọ̀ ń pè é ní Karamọ́kọ̀, ìyẹn olùkọ́. Àwa ń pè é ní Bàbá Anyama. Òun ni Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wa kékeré ní Adjamé níbí, ó sì máa ń wọ ọkọ̀ wá bá wa ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, á sì wà lọ́dọ̀ wa di ọjọ́ Àìkú.

Ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, àwọn òyìnbó kan wá ya fíìmù létí ọ̀sà. Wọ́n fẹ́ àwọn tó máa kírun lẹ́yìn lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní figurants. Èmi ni wọ́n rí bá sọ ọ́, nítorí mo ti jẹ́ akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, mo sì gbọ́ Faransé. Mo fò fáyọ̀. Mo bẹ Alùfáà Yésúfù, ó kọ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo ní gbogbo ayé ló máa rí bí a ṣe ń sin Ọlọ́hun, ìwàásù ni ìyẹn jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwàásù yẹn ló mú un. Ó kó ọkùnrin mẹ́tàlá lẹ́yìn, wọ́n fọ agbádá, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì bá mi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni, Alásàrì ti kọjá. Àwọn ọkùnrin náà tẹ́ ẹní wọn, wọ́n sì kọjú sí gábàsì, níhà Mẹ́kà, bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Òyìnbó tó ń darí wò wá, ó wo oòrùn, ó sì mi orí. Ó ní oòrùn ń bẹ lẹ́yìn wa, ojú wa ṣókùnkùn nínú kámẹ́rà. Ó ní ká yí padà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń wo ara wọn.

Alùfáà ní, "Ràímì, ẹ̀yìn wa ni gábàsì máa wà o."

Mo ní, "Bàbá, eré ni. Kì í ṣe ìrun. Ẹ má wulẹ̀ dá àníyàn ìrun sí i."

Ó yí padà nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń kọjú síbì kan láti kékeré, ara rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tó gbé ọwọ́ sókè pé Ọlọ́hun ló tóbi jù, ńṣe ló rọra yí sí gábàsì láìmọ̀, àwọn yòókù sì bá a yí, nítorí òun ni Lèmọ́mù wọn. Òyìnbó pariwo, "Coupez!" pé kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún yí. Ní ìgbà kẹta, òyìnbó náà sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi nípa ọpọlọ wa, ojú tì mí níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Mo rìn lọ bá Alùfáà, mo di èjìká ọkùnrin tó kọ́ mi ní Bísímílà mú, mo sì yí i padà bí ẹni ń yí àpótí. Mo ní, "Ibí ni kí ẹ wò, Bàbá. Ṣé ẹ kò gbọ́ ni?"

Ní ìgbà kẹrin, ó dúró síbi tí mo gbé e sí. Ó forí kanlẹ̀ síwájú oòrùn tó ń wọ̀. Nígbà tó gbórí sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ni.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi fi tẹrú jẹ́ ẹ, mo tún yọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o fà yọ níbẹ̀ ni pé, bí iṣẹ́ kan bá ní kí o fi ọwọ́ ara rẹ yí àgbàlagbà kúrò níbi tó kọjú sí, kó tó dìgbà kẹta ni kí o sọ pé o kò lè ṣe é. Bó bá dìgbà kẹta, ọwọ́ rẹ á ti máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Ra kóòtù tó nípọn. Èyí kò kan sinimá, ìyá rẹ ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní dandan kí n kọ ọ́.

Ìkẹta. Ó lé lọ́dún kan kí fíìmù náà tó dé sí Treichville. Alùfáà wọ ọkọ̀ wá láti Anyama, ó bá àwọn ọkùnrin mẹ́tàlá wọ̀nyẹn jókòó ní ìlà kan, wọ́n sì fi mí sáàárín kí n máa túmọ̀. Ọ̀sán ni, gbọ̀ngàn kún. Fíìmù náà dá lórí àwọn tó ń kó ẹrú láyé àtijọ́. Nígbà tó yá, a rí ara wa létí ọ̀sà, a to sáàfù, oòrùn ń ràn lójú wa. Inú àwọn àgbàlagbà náà dùn bí ọmọdé, oníkálukú ń na ìka sí ara rẹ̀. Ohùn kan wá ń sọ̀rọ̀ lórí àwòrán náà. Ohun tó sọ ni pé, ẹ wo àwọn olówò ẹrú yìí, ẹnu wọn ń pe Ọlọ́run, ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ lọ́wọ́ wọn.

Alùfáà fọwọ́ kàn mí. "Ràímì, kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ẹ wo àwọn olùfọkànsìn, àwọn tí kì í gbàgbé Ọlọ́hun níbikíbi tí wọ́n bá wà."

Ó ní, "Àlùhámúdù lílà." Ó sì fọwọ́ pa ojú rẹ̀.

N kò tilẹ̀ tíì rò ó tí irọ́ náà fi jáde. N kò fẹ́ kí inú rẹ̀ bàjẹ́, ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé n kò fẹ́ kí ó mọ ohun tí mo yí i padà fún. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, ṣùgbọ́n tèmi kò tilẹ̀ lò tó oṣù kan. Alùfáà padà sí Anyama, ó sọ fún gbogbo ọjà obì pé àwọn òyìnbó ti yìn wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kó àwọn Jùlá oníbàárà rẹ̀ wá wò ó. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn jẹ́ akọ̀wé nílé iṣẹ́ ìjọba. Mo jókòó ní ìlà kejì lẹ́yìn wọn, nítorí mo ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, n kò sì lè jókòó sílé. Nígbà tí ohùn yẹn sọ̀rọ̀ tán, akọ̀wé náà dìde dúró, ó sì fi Jùlá sọ ọ́ síta kí gbogbo wọn gbọ́: "Karamọ́kọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní olówò ẹrú yìí o. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ yín."

Ariwo sọ. Àwọn Jùlá ń bínú, wọ́n ń bi Alùfáà léèrè ohun tó gbé e débẹ̀. Kò wẹ̀yìn wò mí. Ó wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga títí ó fi rí i, ó sì jáde sínú oòrùn.

Láti ọjọ́ náà kò ṣe Lèmọ́mù mọ́. A bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun á máa to sí sáàfù ẹ̀yìn, ẹlòmíràn ni kó máa ṣíwájú. Ní ti èmi, ṣé o mọ ohun tí àwọn èèyàn sọ? Wọ́n ní Faransé Ràímì kò jinlẹ̀ tó. Wọ́n ní ó gbọ́ díẹ̀, ó fi díẹ̀ kún un, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ń fi Faransé gbéraga káàkiri Adjamé, mo fi ara mi pamọ́ sábẹ́ àìgbọ́. Títí di òní, bí lẹ́tà ìjọba bá dé mọ́ṣáláṣí, ẹlòmíràn ni wọ́n ń fún kà, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá Lásíìsì sinmi." O ti bi mí nípa rẹ̀ rí nígbà tí o wà ní ilé ìwé, mo ní ojú mi ló ń dùn mí.

Mo lọ bá a ní Anyama lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Ó ń ṣa obì, ó ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó wá bi mí lọ́rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ràímì, ṣé o gbọ́ ohun tó wí lọ́jọ́ náà, àbí o kò gbọ́?"

Lásíìsì, ìlẹ̀kùn nìyẹn, ó ṣí i sílẹ̀ fún mi. Mo ní, "N kò gbọ́ ọ dáadáa, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó mú obì méjì tó dára, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì ní kí n kí ìyá rẹ. Ó kú nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyá rẹ gan-an kò mọ̀. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ní báyìí o ti mọ ìdí tí inú fi ń bí mi. N kò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé mọ́, jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ lọ.

Ìwé tí ẹ kọ yẹn, irọ́ ni. Kì í ṣe nítorí pé wọn kì í fi ọmọbìnrin fún arúgbó nínú wa. Wọ́n ń ṣe é. Mo mọ ilé méjì tí wọ́n ti ṣe é ní Williamsville, mo sì jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó ọ̀kan, mo dákẹ́, kò yẹ kí n dákẹ́. Mo mọ alùfáà oníjìbìtì pẹ̀lú, ọ̀kan ti gba ẹ̀gbà ọrùn ìyá rẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun máa ṣàdúà sí i, ó ti sá lọ sí Bamako. Ẹ ṣe fíìmù nípa wọn. Ẹ má fi nǹkan kan bò. N ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, n ó jókòó níwájú, kí ojú sì tì mí. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe ni kí ojú tì wá fún, kì í ṣe ohun tí a kò ṣe. Ta ló sọ fún òyìnbó ọ̀gá rẹ pé Mùsùlùmí tó wà lórí ìrun kì í gbọ́ igbe?

Sikirátù ló rán mi létí. Nígbà tó ka ibẹ̀ tán, ó gbé ìwé sílẹ̀, ó ní, "Mais Bàbá, lọ́jọ́ tí Fẹ́lísì kó sí kànga, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé wọ́n já ìrun sílẹ̀?"

A kò tíì bí Sikirátù nígbà náà. Ìwọ ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá Fẹ́lísì, ará Pọ̀tọ̀nóvò, ẹlẹ́sìn Kristi aláṣọ funfun tó ń gbé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí wa, ló figbe ta pé ọmọ òun ti já sínú kànga. Ìrun Ayílà là ń kí. Alùfáà Yésúfù ló wà níwájú. Òun ló kọ́kọ́ yí padà. Ó bọ́ agbádá sórí ẹní ìrun, ó gba àárín wa kọjá, gbogbo wa sì tú tẹ̀ lé e. Súlè aránṣọ ló wọnú kànga, Alùfáà ló di okùn mú, okùn náà bó o lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ ti sunkún tí ìyá rẹ̀ ti gbé e, a tún àlùwàlá ṣe, a sì bẹ̀rẹ̀ ìrun látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ń ṣàníyàn bóyá a dẹ́ṣẹ̀. Alùfáà ní ìrun tó já, a lè tún un kí, ọmọ tó bá lọ, ta ló máa tún un bí? Ó ní ẹni tó gbọ́ igbe ẹni tó ń kú lọ, tó ní ìrun lòun ń kí, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń kí. Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀, òfin ẹ̀sìn ni. Fẹ́lísì yẹn náà ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń tún rédíò ṣe ní Treichville, tó sìn ọ́ dé pápá ọkọ̀ òfurufú.

Mọ́ṣáláṣí yẹn gan-an ni o ní kí wọ́n ti wá forí kanlẹ̀, kí wọ́n sì di etí sí ọmọ tó ń kú lọ.

Òyìnbó rẹ kò mọ̀, mo lè dárí jì í. Ìwọ mọ̀. O kọ́ kéwú dé ìdajì Àlùkùránì lábẹ́ òrùlé mi. O dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ka ìwé náà, o fi ránṣẹ́ sí mi, o sì ní kí n má kà á. Ọ̀rọ̀ tí èmi sọ fún Alùfáà lo sọ fún mi yẹn, bí o bá wò ó dáadáa. Ojú ọmọ mi ni mo rí, ohùn ara mi ni mo gbọ́, ó sì dùn mí dé egungun.

N kò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà kan wà níbí tó máa sọ pé haráámù ni sinimá látòkèdélẹ̀, kí o padà wá ta abọ́. Mi ò sí lára wọn. Bí gbogbo wa bá sá fún kámẹ́rà, ta ló máa wà nídìí rẹ̀ tó mọ ibi tí gábàsì wà? Dúró sídìí rẹ̀. Lọ bá ọ̀gá rẹ, sọ fún un pé ogún ọkùnrin tó wà lórí ìrun gbọ́ igbe, wọ́n sì tú jáde. Bóyá wọ́n pẹ́ jù. Bóyá àwọn tó ń lé e ti mú un lọ, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, tí ẹnì kan nínú wọn mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ni ọkọ náà, tó sì jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó. Kọ ìyẹn. Ìyẹn á dùn wá ju èyí tí ẹ kọ lọ, a kò sì ní lè sọ pé irọ́ ni.

Bó bá gbà, ogójì ni n ó kó wá, kì í ṣe ogún.

Bí kò bá gbà, tí o ṣì fẹ́ àwọn ọkùnrin náà, n kò ní dí ọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò ní bá ọ pè wọ́n. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé. Túmọ̀ ojú ìwé kẹrin yẹn sí Yorùbá, kí ó jẹ́ ọwọ́ rẹ lo fi kọ ọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, n ó ní kí wọ́n jókòó, ìwọ á sì dìde kà á síwájú wọn, láìyọ, láìfikún, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ojú wọn ṣe. Mẹ́rin ṣì wà láàyè nínú àwọn mẹ́tàlá ọjọ́sí, iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí.

Má bẹ̀rù pé ìwọ nìkan ni ojú máa tì lọ́jọ́ náà. Kí o tó ka tìrẹ, èmi ni n ó kọ́kọ́ dìde. N ó sọ fún wọn pé mo gbọ́ gbogbo Faransé tí ohùn yẹn sọ, látorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràímì.